Orúkọ Tó Wà Lẹ́yìn Ọrùn

“Ìbírónkẹ́, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí?”

Mórádéyọ̀ gbé ọrùn rẹ̀ kúrò níwájú ojú ẹ̀rọ, ó fa ìborùn bò ó, ó fẹ́ kọjá. Irin tó dábùú ẹnubodè kò mira. Ẹnubodè Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá bí kò bá dáhùn ìkíni rẹ̀.

“Ìbírónkẹ́, ṣé kò sí o?” ẹ̀rọ náà tún bi í, ohùn rẹ̀ ń tuni lára bí ohùn ìyàwó tí kò tíì pẹ́ nílé ọkọ.

Àwọn àgbà ìlú ló fa èyí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tó ń ka awọ ara wá, ṣe ló kàn ń ṣílẹ̀kùn láìsọ̀rọ̀. Àwọn àgbà bínú, wọ́n ní ẹ̀rọ tí yóò máa wo ẹ̀yìn ọrùn àgbàlagbà tí kò ní kí i, ẹ̀rọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Ni wọ́n bá kọ́ ọ ní ìkíni. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé tàbí jáde mọ́.

“Dá a lóhùn jàre, ká ráyè kọjá,” obìnrin kan tó gbé garawa sọ lẹ́yìn rẹ̀. “Ká má jẹ́ kí fèrè oòrùn dún bá wa níta.”

“Dáadáa ni mo jí,” ni Mórádéyọ̀ dáhùn ní orúkọ ẹni ẹlẹ́ni. Irin gbéra sókè.

Bàbá Oníbodè, tó jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tó ń fi pákò rin ẹnu, wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

“Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lo fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ tó kù yẹn, kí ẹ̀rọ yìí yé pe òkú mọ́ wa lórí?”

“Ẹ̀rọ yín ni kẹ́ ẹ bá wí, Bàbá.”

“Ẹ̀rọ ò mọ èèyàn. Awọ ló mọ̀. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀: awọ tí ara ò bá tíì sọ dọmọ, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló ṣì ni ín.” Ó fa pákò yọ, ó fi àgbọ̀n júwe ògiri òdìkejì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá yẹn ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.”

Mórádéyọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ti sọ fún un.

Àfín ni Mórádéyọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rán aṣọ Ọ̀dẹ̀dẹ̀, òrùlé aṣọ tó bo gbogbo ìlú lórí láti ìgbà tí oòrùn ti burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó na Ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti fi ìgbà ọmọdé rẹ̀ jẹ oòrùn tó pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, oòrùn náà sì ti fi jẹjẹrẹ sí i lẹ́yìn ọrùn. Wọ́n fi ìpara pa á, ó lọ, ó tún bọ̀. Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró, irun orí rẹ̀ ló re dànù, egbò náà kò re ibì kan. Wọ́n gé e, wọ́n sì tan iná ìwòsàn tí kì í jóni sí i, ó tún hù pẹ̀lú ìbínú. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ sú wọn ni wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ awọ: awọ obìnrin kan tó ti kú, tó fi ara rẹ̀ tọrẹ, tí wọ́n wá ń bọ́ awọ rẹ̀ nínú ìgò bí ẹni ń bọ́ ọmọ ọwọ́. Awọ náà mú. Ó lé jẹjẹrẹ wọlẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó dúdú bí kóró iṣin lára àfín.

Ẹ̀yìn ọrùn sì ni gbogbo ìlú máa ń tẹ̀ ba fún ẹnubodè kó lè ka orúkọ wọn.

Obìnrin àgbàlagbà tó wà lẹ́bàá ògiri jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tó dojú rẹ̀ dé, ó kẹ̀yìn sí ọ̀nà. Ìyá Ìbírónkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bàbá Oníbodè ló tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Mórádéyọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú, àwọn ẹbí ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe, wọ́n ní Ìbírónkẹ́ rìnrìn àjò. Wọn kò fi sàréè hàn án, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Wọn kò sì sọ fún un pé ọmọ náà ti fi awọ rẹ̀ tọrẹ, wọ́n ní ìyẹn á pa á. Gbogbo wọn ló rò pé àwọn ń ṣàánú rẹ̀. Àfi ọjọ́ tí ìyá náà wá kọjá ní ẹnubodè, tó gbọ́ tí ẹ̀rọ kí Mórádéyọ̀ pé, “Ìbírónkẹ́, ẹ kú àbọ̀ o.”

“Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú,” Bàbá Oníbodè ti wí. “Mo ní kí n sáré sọ fún un pé awọ lásán ni. Ó fọwọ́ dí mi lẹ́nu. Ó ní, ‘Oníbodè, má pè é. Àkúdàáyà ni. Bó bá mọ̀ pé mo ti dá òun mọ̀, yóò pòórá.’ Kí ni kí n wá sọ?”

Ta ni kò mọ ìtàn àwọn àkúdàáyà? Ẹni tó kú nílùú kan, tó ń tajà nílùú mìíràn, tó lọ́kọ, tó bímọ, tí ara rẹ̀ gbóná bí ara alààyè. Àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí má pè é lórúkọ. Nítorí náà, Ìyá Ìbírónkẹ́ kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wá jókòó sí ẹnubodè láràárọ̀, ó ń kẹ̀yìn sí i, ó ń gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀. Tí Mórádéyọ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bá àádùn nínú ewé, wọ́n so ó mọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀. Oyin ni wọ́n fi ń pò ó.

Ó yẹ kó dá a padà. Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ti àkọ́kọ́ ní ìdúró, ó jẹ èyí tó tẹ̀ lé e, kò sì sí èyí tí kò jẹ. Ìyá tó bí òun alára ti wo àwọ̀ tó gbé wáyé, ó sì gbé e sílé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kò padà wá wò ó. Kò sẹ́ni tó so oúnjẹ mọ́ ìlẹ̀kùn nítorí rẹ̀ rí. Oúnjẹ òkú dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ojú sì ń tì í pé ó dùn.

Lówurọ̀ yìí, bó ṣe kọjá lẹ́yìn obìnrin náà, awọ dúdú náà bù máṣọ. Gbogbo ibi yòókù lára Mórádéyọ̀ wà ní jẹ́ẹ́, wọn kò mọ nǹkan kan. Awọ yẹn nìkan ló mọ ẹni tó jókòó.

*

Ó pinnu pé òun yóò sọ òtítọ́. Nígbà tí fèrè oòrùn dún lọ́sàn-án, tí kálukú ti wọ abẹ́ òrùlé, ó padà sí ẹnubodè, ó dúró lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ náà.

“Ẹ káàsán, Mà.”

Obìnrin náà fọwọ́ di etí apẹ̀rẹ̀ mú. Kò yíjú. “Má bọ́ síwájú mi o. Ẹ̀yìn mi yẹn ni kó o dúró sí.”

“Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ—”

“Má sọ ọ́. Mo fi ọmú bẹ̀ ọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kò ṣeé kó.” Ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. “Èmi ò pe orúkọ kankan. Ṣé o gbọ́ kí n pe orúkọ? Àgbàlagbà kan ló jókòó tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìwọ náà kàn ń kọjá lọ ni.”

Mórádéyọ̀ dúró.

“Àádùn yẹn, ṣé ó ń dùn?” Ìyá Ìbírónkẹ́ bi ògiri. “Epo tó wà lóde báyìí, inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń ṣe é. Kò pọ́n bíi ti àtijọ́.”

“Ó ń dùn, Mà.”

“Oyin ńkọ́? Ìwọ lo máa ń ní kí n fi oyin sí i. Mo máa ń bá ọ jà pé àádùn kì í ṣe oyin.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì dá lójijì. “Wọ́n ní o rìnrìn àjò. Ìyá wo ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò mọ̀? Mo bi wọ́n ní ibi tí wọ́n gbé ọ sí, wọ́n ní òbí kì í mọ̀ ọ́n. Ó dáa. Èmi náà ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn rí, mo rò pé mo ń tù ú nínú. Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Tèmi kú, wọ́n tún bá mi sọ ọ́ nù.”

Awọ ẹ̀yìn ọrùn Mórádéyọ̀ ń ṣù kúkurú kúkurú, bí ẹni pé ó fẹ́ fà á lọ síwájú. Ó mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ni ọ̀rọ̀ tó kó wá: èmi kọ́ o, Mà, awọ rẹ̀ ni. Kò lè sọ ọ́. Dípò rẹ̀, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Oyin náà ń dùn, Mà.”

Ó sá lọ. Nígbà tó délé tó bọ́ ìborùn, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀.

*

“Yíjú sí ògiri,” Dókítà Fáníyì wí fún un lọ́jọ́ kejì nílé ìwòsàn. Obìnrin ni, ó ti lọ́jọ́ lórí, kì í pariwo mọ́ aláìsàn. Ó gbé dígí sẹ́yìn ọrùn Mórádéyọ̀, ó sì fi èkejì hàn án níwájú. “Wo etí rẹ̀ yẹn.”

Mórádéyọ̀ wò ó. Etí awọ dúdú náà ti ṣí díẹ̀ bí etí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ tí kò mú. Òun tó jẹ́ aránṣọ mọ ohun tí etí aṣọ tó bá ti ṣí máa ń dà.

“Mo pè ọ́ títí,” Dókítà ní. “O ò wá. Àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ ti fura sí i. Àlejò ni lójú wọn, wọ́n sì ti ń tì í jáde. Abẹ́rẹ́ ìsọdọmọ ló máa sọ fún wọn pé ọmọ ilé ni.”

“Bí mi ò bá gbà á ńkọ́?”

“Wọ́n á lé e. Jẹjẹrẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò tíì kú, ó sùn ni. Bó bá jí, mi ò ní ohun tí mo máa fi bá a jà mọ́. Gbogbo ìyókù la ti lò fún ọ.”

“Ẹ tún fún mi nínú awọ rẹ̀ nígbà náà.”

“Ìgò yẹn ti ṣófo. Èyí tó mú lára rẹ ló gbẹ̀yìn rẹ̀.”

Ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó kù láyé nínú Ìbírónkẹ́ kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, ẹ̀yìn ọrùn àjèjì ló sì wà. Mórádéyọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó gbóná ju ara òun lọ.

“Dókítà, ṣé kò sí bí orúkọ rẹ̀ ṣe lè dúró lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà?”

“Awọ kan ò lè jẹ́ ti ẹni méjì. Bí ara rẹ bá ti gbà á, tìẹ ni. Ẹnubodè á ti mọ̀ kó o tó dé ibẹ̀.”

“Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ láràárọ̀.”

“Mo gbọ́.” Dókítà Fáníyì jókòó tì í. Kò ní oògùn fún ìyẹn. “Mórádéyọ̀, ẹni tó fi awọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ kí ẹnì kan fi wà láàyè ni. Mi ò lè sọ fún ọ pé kò ní dun ìyá. Á dùn ún.”

Mórádéyọ̀ bú sẹ́kún. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nínú ẹkún náà, ó rí ìgò tó ti ṣófo, ó rí ẹ̀yìn àgbàlagbà kan tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ó sì tún rí ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, egbò ń jẹ ẹ́ wọ eegun. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù.

“Mo fẹ́ wà láàyè,” ó ní. “Ojú ń tì mí, Dókítà, àmọ́ mo fẹ́ wà láàyè.”

“Ìtìjú wo ló wà ńbẹ̀? Dojú bolẹ̀.”

Abẹ́rẹ́ wọlé. Awọ náà bù máṣọ, ó le gbagidi bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é láti òkèèrè. Lẹ́yìn náà ó rọ̀. Ooru tó máa ń wà níbẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ti ara yòókù mu. Mórádéyọ̀ dúró kó tún ṣù. Kò ṣù mọ́. Ẹnì kan tó ti ń bá a gbé ti dìde kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kò sì dágbére.

*

Ó fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn délé, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà ló gba ẹnubodè kọjá. Ó tẹ ọrùn ba.

“Mórádéyọ̀, ẹ kú àbọ̀ o. Ṣé ara ti le?”

“Ó ti le,” ó dáhùn.

“Háà! Òkú ti relé rẹ̀!” Bàbá Oníbodè pàtẹ́wọ́, ó ń dunnú. Ó wá rántí ẹni tó jókòó lẹ́bàá ògiri, ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

Ìyá Ìbírónkẹ́ ti dìde. Kò pariwo, kò ká ọwọ́ lérí. Ó yí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà, ó kó ewé tó wà nílẹ̀ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ọjà tú mọ́ lórí.

“Ẹnu mi ló fà á,” ó ń sọ fún ara rẹ̀. “Mo ní n má bá a sọ̀rọ̀, mo bá a sọ̀rọ̀. Mo tún ń bèèrè oyin.”

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ka orí. Kò kọjú sí àdúgbò rẹ̀. Ẹnubodè òde tó wà nítòsí ló kọjú sí, èyí tó ṣí sí ìta, níbi tí Ọ̀dẹ̀dẹ̀ parí sí.

“Màmá, níbo lẹ ń lọ?” Bàbá Oníbodè dìde fùú. “Fèrè ti dún o!”

“Ìlú kejì. Bí wọ́n bá dá wọn mọ̀, ìlú kejì ni wọ́n ń ṣí lọ. Bí mo bá tètè rìn, kò ní tíì ríbi wọ̀ sí.”

“Ìlú kejì wo? Oòrùn yìí á pa yín kẹ́ ẹ tó rìn dé ibi igi tó gbẹ yẹn!”

Kò dá a lóhùn. Ó tẹ ọrùn ba fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní ó dàbọ̀, ìyá ní ó dàbọ̀, irin gbéra. Òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni má jáde. Òfin kàn ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé ẹni tó bá jáde lẹ́yìn fèrè.

Mórádéyọ̀ ti sáré dé etí òjìji kó tó mọ̀. Níwájú rẹ̀, ilẹ̀ funfun báláú, ìyá náà sì ti wà nínú rẹ̀, ó ń rìn lọ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí. Láti ìgbà ọmọdé ni wọ́n ti ń kìlọ̀ oòrùn fún Mórádéyọ̀, kí ó tó di pé wọ́n ń kìlọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó ronú nípa ojú abẹ́rẹ́ tí kò tíì gbẹ lára rẹ̀. Ó ronú pé òun ti ṣe tán láti wà láàyè.

Ó fi ìborùn bo orí, ó tẹ irin mọ́lẹ̀, ó fò ó, ó bọ́ sójú oòrùn.

“Ìbòsí o!” Bàbá Oníbodè kígbe lẹ́yìn rẹ̀. “Ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ kú mọ́ mi lọ́rùn ni?”

Oòrùn jó o lọ́wọ́, ó jó o lójúgun. Ó sáré títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ẹ̀yìn ìyá náà, ó sì dúró síbẹ̀, kò kọjá síwájú.

“Ẹ má yíjú, Màámi.”

Ẹsẹ̀ àgbàlagbà náà dúró. “Ta nìyẹn?”

“Ẹ má bi mí.” Mórádéyọ̀ ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. “Wọn ò sọ ọ́ tán fún yín ni. Àwa tá a bá lọ, ìlú kọ́ la máa ń yí padà nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn, orúkọ nìkan la máa ń pa dà.”

Atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ ewé kan jáde nínú apẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mú un.

“Kí ni wọ́n wá ń pè ọ́ báyìí?”

“Mórádéyọ̀.”

“Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a.”

Ìyá Ìbírónkẹ́ gbé apẹ̀rẹ̀ dúró dáadáa lórí. “Bí mo bá pè é, ṣé o ò ní lọ?”

“Mi ò mọ̀,” Mórádéyọ̀ wí, òtítọ́ sì ni. “Ẹ pè é wò.”

Ìyá náà pè é.

“Mórádéyọ̀.”

Mórádéyọ̀ di ojú. Òun tó mọ̀ pé òun kò kú rí, ó dúró nínú oòrùn, ó ń retí kí òun pòórá. Ó ń fetí sí ọkàn rẹ̀ bóyá ó ṣì ń lù. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀.

“Mà,” ó jẹ́ ẹ.

Ìyá náà kò yíjú. Ó na ọwọ́ kan sẹ́yìn, bí abiyamọ tó ń wò ó bóyá ọmọ tó pọ̀n ti sùn. Mórádéyọ̀ tẹ ọrùn ba fún un, bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ fún ẹnubodè. Ìka gbígbẹ náà bá awọ ọmọ rẹ̀, ó ń pa á, ó ń pa á lọ títí ó fi dé etí rẹ̀, níbi tí ojú ìránpọ̀ ti wú díẹ̀, tí awọ tí oòrùn ti jẹ, tó rí págunpàgun, ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró níbẹ̀. Ó dúró pẹ́.

Lẹ́yìn náà ó kọjá. Ó bọ́ sórí awọ àfín, ó sì ń pa ìyẹn náà.

“Oòrùn yìí ti pọ̀ jù fún ọ,” Ìyá Ìbírónkẹ́ wí. “Jẹ́ ká wọlé.”